Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀rọ

Ọyẹ́ ti bo Samaru kí n tó dé,
erùpẹ̀ lórí fèrèsé, erùpẹ̀ lórí ewé máńgòrò,
erùpẹ̀ lórí aṣọ tí Bàámi fi bo kọ̀ǹpútà wọn
bí òkú tí a kò tíì rówó sin.
Mo ní, "Kí ló ṣe é?"
Wọ́n ní, "Ó ń sinmi."
Wọ́n kọjú sí rédíò.

Ẹ̀rọ kì í sinmi. Mo mọ bàbá tó bí mi.
Sọ́fíyọ̀ ni wọ́n; ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi na okùn ìwọ̀n
láti Funtua dé Birnin Gwari, wọn ò ṣìnà nínú igbó rí.
Ojú gíláàsì ni wọ́n ti wá ṣìnà.

Mo tan án. Kò tíì jí tán
tí fèrèsé kan fi fò síta, tòun ti asà,
asà aláwọ̀ ewé, ó ń dán bíi ti ọlọ́pàá gidi:
igba kòkòrò àti mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ẹ̀rọ yín!
Mo pa á, ó tún yọ.
Mo pa á, ó tún yọ.
Ó ní kí n sanwó.

"Mo ti san án," Bàámi wí láti ẹ̀yìn mi,
ohùn wọn kéré. "Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.
Ó ní òun á máa ṣọ́lé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún bèèrè."
Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.
N kò pa òwe náà síta. Mo gbé e mì.

Mo fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ,
kó má baà ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé rẹ̀.
Mo tan ẹ̀rọ lákọ̀tun, mo ń gbá bọ́tìnnì kẹjọ lókè,
gbá, gbá, gbá, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onígbèsè,
títí ó fi jí sínú òkùnkùn,
kò sí àwòrán, kò sí ohùn,
kìkì ohun tí kò ṣeé máà ní.
Asà kò lè gbérí níbẹ̀.

Mo wá a kiri. Orúkọ tó ń jẹ́ lójúde kọ́ ló ń jẹ́ nínú ilé:
lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀,
ó lúgọ sáàárín fọ́tò Màámi àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì.
Àfi bí NEPA ṣe mú iná. Bátìrì abẹ́ tábìlì ń han, pí, pí, pí.
Bàámi tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́.
Bilya, ọmọ ilé kejì, lọ fa jẹnẹrétọ̀ fún wa; ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló fà á kó tó dáhùn.

Mo fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò.
Mo yẹ ìwé tí ẹ̀rọ ń kà láàárọ̀ kó tó jí wò,
orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo pa á rẹ́.
Mo wá ki fíláàṣì tí mo gbé bọ̀ láti Kubwa bọ̀ ọ́:
ẹ̀ṣọ́ gidi, kì í pariwo.
Wákàtí méjì ló fi yẹ ilé wò. A mu gàrí, a jẹ kúlíkúlí.

"Mélòó ló bá níbẹ̀?"
Wọ́n ti mú pẹ́ńsù, wọ́n ti ṣí ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ wọn àtijọ́.
"Kò sí."
"Nínú igba àti mẹ́tàdínlógún?"
"Òdo, Bàámi. Òun nìkan ni kòkòrò tó wà nínú ilé."
Wọ́n kọ òdo náà sílẹ̀, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀
bí wọ́n ti ń ṣe sí òkúta ààlà tí wọ́n bá wá tì.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ṣí fọ́tò.
Màámi nìyí létí odò Kubanni, oòrùn ń ta á lójú,
bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́.
"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni Bàámi wí.
Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí wọ́n sanwó lé lórí.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn mi:
"Má sọ fún Adégòróyè o."
Mo ní n kò ní sọ.
N kò sì sọ ọ́. Kíkọ ni mo kọ ọ́.