Ìkòkò Oníhò

Ogójì ìkòkò ni Tísà Oyinlóyè ní kí n mọ fún òun,
ó ní kí n dá ihò sí gbogbo wọn nídìí.
Mo ní kí ọmọ tó jẹ́ iṣẹ́ náà tún un sọ.
Ó tún un sọ.
Èmi Àfúsátù, alámọ̀ ọmọ alámọ̀ ní Òkèlele,
èmi tí ìyá mi nà nítorí orù kan tó ń jò,
mo jókòó ti amọ̀ tútù,
mo na ìka tí mo fi ń lá ọbẹ̀,
mo ń lu ohun tó dára ní ihò.
Ogójì ìgbà ni mo bẹ òkú ìyá mi.

Tísà sanwó, kò yọ kọ́bọ̀.
Ọkọ̀ kó wọn lọ sí Òmù-Àrán,
koríko ni wọ́n fi dì wọ́n, bí ẹyin.

Ó di ọdún mẹ́rin.
Ẹni tó bá ti ọgbà náà dé, ìròyìn ni:
wọ́n ní àwọn ará Èkó ń wọkọ̀ wá wò ó,
wọ́n ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ń ya fọ́tò níbẹ̀,
wọ́n ní òdòdó kan wà tí kì í dúró de ewé rẹ̀,
òjò kejì ní í pè é,
a yọrí lórí ilẹ̀ lásán,
roboto, bí òwú tí wọ́n rẹ sínú osùn,
ọjọ́ méje péré, ó ti rọ.
Kò sẹ́ni tó ròyìn ìkòkò.
Mo bi Wúlémótù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó lọ lọ́dún tó kọjá:
"Ìkòkò ńkọ́?"
Ó ní, "Ìkòkò wo?"

Èmi náà fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò:
òjò tó ń pe òdòdó jáde
ni òjò tó ń dá mi dúró sílé.
Ta ní í sun ìkòkò nínú òjò?
Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lókè Sóbì,
gbogbo wa a bẹ́ sáré, tapólì, páànù, ẹní àtijọ́,
ohun tó bá ṣáà ti lè bo amọ̀ tí kò tíì gbẹ.
Lọ́dún kìíní, mo ti di ẹrù.
Lọ́dún kejì, n kò tilẹ̀ dì í.
Lọ́dún kẹta mo ti jókòó sínú ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀ffà,
àrá sán lẹ́ẹ̀kan,
mo sọ̀ kalẹ̀. Dírẹ́bà kò dá owó mi padà.

Lọ́dún yìí, mo ṣètò.
Ààwẹ̀ tán, mo dáwọ́ amọ̀ dúró,
àfi àmù méje tí ilé-kéwú ń retí.
Owó ọkọ̀ wà ní kókó igun ìborùn mi.
Wàrà ni n ó gbé fún Tísà, kí ó mọ èyí tí a ń pè ní wàrà.
Bàtà rọ́bà, nítorí ẹrẹ̀.
Ẹ̀rín pa mí: ẹrẹ̀, èmi!
Ìdófìàn, Àjàṣẹ́, Òrò,
mo ti há ọ̀nà náà sórí bí ọmọ kéwú.

Òjò kìíní rọ̀ ní Àlàmísì.
Lánàá ni Tísà pè: "Ìyá Ìkòkò, ó ku ẹyọ kan."
Nírọ̀lẹ́ mo jáde sẹ́yìnkùlé.
Àmù méje jókòó, ọrùn wọn ṣì tutù.
Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti Sóbì, ó ń run ilẹ̀ tútù.
Mo bo mẹ́fà. Tapólì kò dé ọ̀dọ̀ ìkeje.
Mo fà á síhìn-ín, ibòmíràn ṣí sílẹ̀.
Mo dúró títí.
Lẹ́yìn náà mo ti ìka ọbẹ̀ bọ omi,
mo dá ihò sí i nídìí,
kí ohun tó bá wọ inú rẹ̀ lálẹ́ yìí
rí ọ̀nà jáde.

Mo wọlé lọ wá bàtà mi.