Ọbẹ̀ Orí Ìdérí

Ní Ìtokò, lẹ́yìn òjò,
Ìyá Ṣódìpẹ̀ bu ọbẹ̀ Ọ̀fàdà sórí ìdérí ìkòkò fún ológbò:
"Ẹni tó ń bá wa lé eku, ká bá a jẹun."
Ìfẹ́ ni.
Àlùbọ́sà sì ni, tí epo bò mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, kò gun àpáta ẹ̀yìnkùlé mọ́.
Èrìgì ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ,
ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bí omi ìsápá.
Ológbò wà nílé,
ilé sì dilé èkúté.

Dókítà ẹran n'Íbarà rọra sọ ọ́:
"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni àlùbọ́sà ń jẹ."

Lálẹ́ òní, ẹja bíbọ̀, kò níyọ̀.
Ìyá gbé àwo tirẹ̀ wọ kọ̀rọ̀,
ó ń yọ́ ọbẹ̀ lá
bí olè.