Níbo Lo Ti Bẹ̀rẹ̀ sí í Kà?

Oṣù Èrèlé la lọ lu ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́.
Sàká gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ lé pẹpẹ irin,
etí mẹ́rìnlélógún tí a gún mọ́ ilẹ̀
ń gbọ́ bí ìró ṣe ń wọlẹ̀ lọ,
bó ṣe kan àpáta, bó ṣe ń padà bọ̀.
Àwọn ọmọdé dúró létí ọ̀nà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀yin ará Ìlọrin, kí ni ilẹ̀ ṣe fún yín?"

Ó ti di Òkúdù báyìí.
Mo jókòó sí yàrá mi ní Òkè-Odò,
iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì kọ̀ǹpútà ò ju ìlàjì lọ mọ́.
Fáìlì Sàká ló wà níwájú mi:
ẹgbẹ̀fà ìlà ó lé mẹ́sàn-án,
òpó mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan,
ìlà-oòrùn, àríwá, jíjìn.
Kò kọ orúkọ sókè òpó, kò kọ àlàyé sísàlẹ̀,
nọ́ńbà ṣáá, bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sórí ẹní.
Òun fúnra rẹ̀ ti di àgùnbánirọ̀ ní Yóbè,
fóònù rẹ̀ kì í wọlé.

Mo ní kí ẹ̀rọ gbé e wọlé.
Ìgbà àkọ́kọ́, ó kọ̀:
kọ́mà ló ń retí, àlàfo ló bá.
Ìgbà kejì ó gbà,
àṣé mo ti fi àríwá sípò ìlà-oòrùn,
ni Àjàṣẹ́ bá ká ẹrù rẹ̀,
ó di etí Odò Ọya, ní ilẹ̀ Ìgbò.
Mo rẹ́rìn-ín, mo dá a padà sílé.
Ìgbà kẹta, gbogbo rẹ̀ bọ́ sípò,
àfi pé àpáta ò sí nísàlẹ̀.
Ojú sánmà ló wà,
ó nà gbalaja lórí ìlú bí ìkùukùu òjò;
ibi tó yẹ kó jìn kòtò, òkè ló yọ síbẹ̀.
Mo ń tún un ṣe títí aago kan òru.

Bàbá pè mí lẹ́yìn àsùbáà.
Agbẹ́kànga ni, ogójì ọdún nínú ihò;
n ò rí èékánná rẹ̀ kó funfun rí.
Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe é:
ẹ̀rọ gbé àpáta kọ́ ojú ọ̀run.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ pákò lẹ́nu rẹ̀.
"Àṣàbí, tá a bá ní apá méje ni,
ẹni tó wà lẹ́nu kànga ń kà á wálẹ̀,
ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń kà á ròkè.
Apá méje náà ni.
Sàká yìí, níbo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?"

Ẹnu ilẹ̀ ni. Ó ń kà á wálẹ̀,
ọ̀kan, méjì, dé mọ́kàndínlógún,
kò fi àmì kankan síwájú.
Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ gbà pé
ohun tí kò ní àmì, òkè ló ń lọ.
Ìlà tín-ín-rín kan, tí kò gùn tó ẹsẹ̀ èèrà,
mo fi síwájú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
àpáta bá sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sùn sí abẹ́ ìlú.

Ó ku àlàfo kan, lẹ́yìn ilé ìwé,
ó fẹ̀ tó ilé mẹ́ta.
Mo mọ ibẹ̀. Wọn ò jẹ́ ká gún etí kankan síbẹ̀.
Ibẹ̀ ni kànga ti wó lu Lámídì,
ẹni tó máa ń fa garawa fún Bàbá,
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Wọn ò rí i gbé jáde.
Ẹ̀rọ bi mí: ṣé kí n fi ohun tó wà láyìíká dí i?
Ó lè ṣe é, kí n tó ṣẹ́jú.
Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Mo kọ ọ́ sínú àlàyé:
a ò mọ ohun tó wà níhìn-ín.
Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́ tán.