Ìyọkúrò

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ "mẹ́sàn-án, yọ mẹ́rin kúrò"
sára pátákó kan tí ọ̀rinrin ti jẹ igun rẹ̀,
ní ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ní erékùṣù Chiloé,
níbi tí òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ọmọ mẹ́tàlá. Sítóòfù onígi kan ṣoṣo.
Ìbọ̀sẹ̀ tí a sá sẹ́yìn rẹ̀ ń rùn bí àgbò tí òjò pa.
Mo ń sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀kì ń kán,
ojú wọn ń wò mí,
ọkàn wọn ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ.

Mi ò ní purọ́, èmi náà ń sun oorun ìdúró.
Ẹ̀kọ́ tí kò dùn lẹ́nu olùkọ́,
etí ta ni yóò ti wá dùn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Baudilio nawọ́,
Baudilio ọmọ Cárcamo, tí kì í nawọ́
àfi tó bá fẹ́ lọ tọ̀.
Mo ti ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà
kó tó ní, "Tíṣà Hortensia,
mẹ́rin tí a yọ kúrò yẹn,
níbo ni wọ́n ń lọ?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n bá wọn rín in.
Mo la ẹnu, mo rí i pé òfìfo ni.
Ìwé olùkọ́ ní ìdáhùn, ojú ìwé kejìlélọ́gọ́rin:
márùn-ún.
Kò sọ ti mẹ́rin.

Mo ní, "Ẹ wọ bàtà òjò yín."

Omi ti fà sẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà,
ilẹ̀ òkun wà níhòòhò, ó ń dán bí ikùn ẹja.
Mo ní kí kálukú to ìkarahun mẹ́sàn-án
láti ibi òkúta dé ibi tí omi wà,
ká wá dúró.
Ṣé ẹ mọ ohun tó le jù fún ọmọ ọdún méje? Ìdúró ni.
Wọ́n dúró.
Àwọn ìbejì ilé Oyarzo ń bú òkun pé kó yára.
Yasna kékeré dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀,
ó ń bẹ ìkarahun rẹ̀ kó di ilẹ̀ mú.
Omi dé, ètè rẹ̀ funfun,
ó mú ọ̀kan. Ariwo sọ.
Mẹ́jọ! Ó kó méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́fà!
Kò sí ẹni tó wo ìka ọwọ́ rẹ̀.
Ó dé márùn-ún, ó kọjá márùn-ún,
torí òkun ò ka ìwé olùkọ́,
Yasna sì sunkún ẹyọ kan tí kò yẹ kó lọ.

Baudilio nìkan ni kò pariwo.
Ó ti tẹ̀ lé etí omi lọ, ó tẹríba,
dé ẹ̀yìn àpáta tí ìṣàn omi ti ń ṣẹ́rí.
Ó pẹ́. Mo ti fẹ́ figbe pè é
kó tó padà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́,
ìkarahun mẹ́ta nínú rẹ̀.
Ó ti fi ìṣó ha ìlà sára tirẹ̀ kó tó tò wọ́n.
"Ọ̀hún ni wọ́n ti yọ," ó ní. "Ìkẹrin ṣì wà lọ́nà."

Ẹ tún un gbọ́: yọ.
A yọ wọ́n níhìn-ín, wọ́n yọ lọ́hùn-ún,
bí oòrùn tó wọ̀ lójú wa ṣe ń yọ sí ẹlòmíràn.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọdún mọ́kànlá, ìdajì rẹ̀ ni mo ń kọ́ wọn.

Bàbá rẹ̀ ti wà ní Punta Arenas láti oṣù kẹta,
ó ń rẹ́ irun àgùntàn alágùntàn.
Ẹni márùn-ún nídìí tábìlì, yọ ẹnì kan kúrò.
Bóyá òun ló ń ṣírò, mi ò mọ̀.
Mi ò bi í.

Lálẹ́ mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, òróró ẹja lọ́wọ́ mi,
mo kọ ọ́ síbi tí ọ̀gá yóò ti rí i:
Iṣẹ́ òní, ìyọkúrò.
Bàtà òjò kan bá omi lọ, ẹsẹ̀ òsì, ti Yasna.
A ń wo ibi tí yóò ti yọ.