Ògiri Aláwọ̀ Òkun

Ọkọ mi ò mú góòlù bọ̀ láti ìrìn-àjò rí.
Ọ̀rọ̀ ló máa ń kó bọ̀, òun àti eruku,
àti ohun kékeré kan ní ìsàlẹ̀ àpò ṣòkòtò:
èèpẹ̀ Níyàmé tó dì sínú ọ̀rá,
ìkarahun méjì láti etí òkun Kútọnu,
àfọ́kù táìlì aláwọ̀ ewé
tó ṣà lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ń wó ní Àjàṣẹ́.
"Gbé e síbi tí ojú á ti máa rí i," Múfútáù á wí,
á sì ti sùn kí ọbẹ̀ tó gbóná.

Èmi tí n kò kọjá Ìpobẹ́ rí,
etí ni mo fi rìn.

Kétu tiwa ò mọ omi lọ títí.
Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ la máa ń to ìkòkò sí,
a sì ń ka agbè omi bí ẹni ń ka owó orí.
Nígbà tó wá ní, "Ràmátù, òkun ò lópin,
ó rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró,
tí ó ṣì ń kán,"
kí ni n bá fi jiyàn?

Mo ra ẹfun. Mo ra búlúù ìfọṣọ, páálí mẹ́rin,
lọ́wọ́ Àfúsátù, tó ń bi mí pé ìlú wo ni mo fẹ́ bá fọṣọ.
Mo pò ó, mo fi tọ́ ẹ̀yìn ọwọ́, mo tún pò ó.
Kòsí mọlémọlé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó:
"Ìyá, ta ló ń kun yàrá báyìí?"
"Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti rí òkun ni."

Èèpẹ̀ Níyàmé, mo pò ó mọ́ amọ̀ tiwa,
mo fi rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri níbi tí òjò ti jẹ ẹ́.
Pupa ni, pupa ni tiwa náà,
ojú àlejò ò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.
Èmi mọ̀ ọ́n.
Táìlì Àjàṣẹ́, mo rì í sí ẹnu ọ̀nà;
ó gé Ṣìdíkátù látàǹpàkò lẹ́ẹ̀mejì,
a ò sì yọ ọ́.
Lóru tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá pẹ́, mo máa ń gbé ìkarahun sétí.
Ó ń hó bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Ọdún tí orúnkún rẹ̀ kọ ọ̀nà sílẹ̀
ni Ṣìdíkátù bímọ ní Kútọnu, tí mo lọ wẹ ọmọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n mú mi lọ sétí òkun.
Mo dúró, bàtà lọ́wọ́.
Òkun náà dé.
Aró kọ́. Omi eérú ni,
omi tí alápatà fi ṣan ọwọ́,
ó ń ru ọ̀rá dúdú àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan
bọ̀ wá bá mi bí ẹni ń dá nǹkan oní-nǹkan padà.
Ẹ̀rín pa mí débi pé ọmọ mi dì mí mú.

Mo délé, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó,
níbi tí orí rẹ̀ ti fi òróró sàmì sára ògiri.
"Ṣé o rí i?"
"Mo rí i."
"Ṣé wọ́n jọ?"
Mo wo ògiri. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.
"Ó kù díẹ̀," mo ní. "Òkun ló kù díẹ̀."

Mo tú ìdí ìró mi: iyanrìn, ìkúnwọ́ kan.
Ó dà á sórí àga, ó ń fi ìka tò ó,
ó ní èyí ò tó rẹ́ ohunkóhun,
ó ní ibo la fẹ́ fi í sí.
Ọbẹ̀ ń bẹ lórí iná.
Èmi ti ń tòògbé.