Nọ́ńbà Òwúrọ̀

Aago mẹ́ta òru. Apá òsì bẹ́ẹ̀dì ti tutù.
Mo na ọwọ́, aṣọ àtẹ́sùn lásán lọwọ́ mi bá.
Lóde, òjò dídì ń bọ́ láìpariwo
bí ajigbèsè tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ẹ̀rọ kẹta, wọ́n ní àwọn máa pa á.
Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn máa pa á.
Nígbà tí yìnyín etí òkun yọ́, wọ́n ní kò tíì yá,
wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn, wọ́n bu kọfí fún wọn,
wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù.
Sùúrù! Ọdún mọ́kànlélógún ni Ilpo fi ká bébà
fún àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn nílùú tí kò ní dé láéláé,
etí òsì rẹ̀ kú sídìí ẹ̀rọ yẹn,
wọ́n wá ń kọ́ ọ ní sùúrù.

Dídè là ń dè é, lẹ́tà náà.
Òun náà ló dè wá.
A ò ra táyà òtútù, a ò kun ògiri,
Iiris ọmọ wa ní òun fẹ́ kọ́ fèrè,
a ní ó di ìgbà ìrúwé.
Gbogbo nǹkan nílé yìí, ó di ìgbà ìrúwé.

Èmi náà ní ẹrù tèmi.
Ilpo kọ́ ló gbé e rù mí.
Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń wá bí ìkùukùu orí omi:
wàá kọ́kọ́ máa rí ilé, wàá máa rí igi,
nígbà tó bá yá, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ.
Oògùn funfun láàárọ̀, ìlàjì òmíràn lálẹ́.
Nọ́ọ̀sì Marketta fún mi ní ìwé pẹlẹbẹ kan:
"Láràárọ̀, kọ nọ́ńbà. Oókan ló burú jù, ẹ̀wá ló dára jù.
Má ṣàlàyé. Má tọrọ àforíjì."
Mi ò kọ ẹ̀wá rí.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí:
mo máa ń tújú ká kí ẹ̀rù má baà bà á,
òun a máa súfèé nídìí abọ́ tó ń fọ̀
kí àìsàn mi má baà jí.
Òṣèré méjì, kò sí òǹwòran.
Irọ́ ni o, Iiris ń wò wá.

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé sáúnà ẹ̀yìnkùlé.
Kò dáná. Ó jókòó sórí pákó nínú òkùnkùn,
tòun ti ẹ̀wù òtútù, tòun ti fìlà,
bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin níbi tí kò sí irin.

Mo jókòó tì í.
Ọ̀rọ̀ ìtùnú mẹ́ta wà lẹ́nu mi,
irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Mo ní: "Ẹ̀rù ilé iṣẹ́ yẹn ń bà mí, Ilpo.
Ẹ̀rù orí ara mi náà ń bà mí.
Mi ò lè gbé tìrẹ mọ́ tèmi.
Àmọ́ mo lè jókòó."

Ó pẹ́. Àwa ará ibí, ọ̀rọ̀ kì í yá wa lẹ́nu.
"Lẹ́tà ti dé lọ́jọ́ Ẹtì."
Àyà mi já.
"Wọn ò pa á. Wọn ò sì dá a sí. Wọ́n ní ó di oṣù kẹrin."
Ó sunkún díẹ̀. Mi ò bá a nu ojú.
Mo wá ìṣáná.

Ní àríwá Fínláǹdì, lóṣù kìíní, ilẹ̀ kì í tètè mọ́.
Mo ṣí ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí.
Ìjẹta, èjì. Àná, èjì.
Lónìí mo kọ ẹ̀rin.
Ó ku àmì kan péré kó di ẹ̀rín,
mi ò fi sí i. N kì í purọ́ fún Marketta.
Ilpo na ọwọ́ tó ń rùn èéfín igi,
ó gba bírò, ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ̀ta.
Iiris yọ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì ilé ìwé,
ó wo ìwé, ó wo àwa méjèèjì.
"Tèmi ńkọ́?"