Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

Sátidé ni mo máa ń nu ọpọ́n ìsàmì,
èmi Enid Larter tí kọ́kọ́rọ́ ìjọ Wenlow wà lọ́wọ́ mi,
àkísà tútù, búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín nígbà kan.
N kì í fi ọṣẹ kàn án. Ọṣẹ a máa jẹ òkúta.
Omi lásán ló ti ń gbà láti ọjọ́ tó ti dáyé,
omi lásán náà ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́.

Ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún tó ti dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
bí a bá yọ ogún ọdún tó lò lágbàlá Obadiah Bunn,
nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó kórìíra ère yí i síta.
Agbẹ́-òkúta ti gbẹ́ oṣù méjìlá sí i lára yíká:
oṣù kejì ń yáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láìní bàtà;
oṣù keje gbé dòjé;
oṣù kọkànlá di ẹlẹ́dẹ̀ mú létí, ó gbé àáké sókè.
Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Bunn ń ki orí bọ inú rẹ̀, wọ́n ń mu àmuyó,
kò sí ọ̀kan tó wo ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n.

Oṣù kẹjọ ò lójú. Àwọn kan ní òòlù ọmọ ogun ni,
àwọn kan ní agbẹ́-òkúta kú kó tó parí rẹ̀.
Èmi mọ̀ pé àtàǹpàkò àwọn ìyá ni.
Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ń bà
bí èèyàn bá fara ti ọpọ́n, tó ń retí kí a dárúkọ ọmọ.

Mo ti ka ìwé orúkọ tó wà nínú àpótí:
Petronel. Thurstan. Keziah ọmọ Silence, bàbá kò sí.
Ìbejì kan tí wọ́n fi ìkánjú kọ, tádàwà fọ́n.
Èmi náà wà níbẹ̀. Colin ọmọ mi wà níbẹ̀,
ó ké débi pé àlùfáà gbàgbé orúkọ rẹ̀ kejì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n wá gbẹ́ ojú ọ̀nà omi
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àríwá. Ọmọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀
dúró lójijì, ó ṣí fìlà.
Egungun ni, wẹ́wẹ́, bí ti ẹyẹ,
ìlà kan gbọọrọ lábẹ́ etí òrùlé.
Obìnrin onímọ̀ tó ti Norwich wá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣàlàyé:
àwọn ọmọ tí ẹ̀mí bọ́ kí wọ́n tó dé ọpọ́n nìyí.
Òfin ò gbà wọ́n sínú ilẹ̀ mímọ́.
Ni àwọn ìyá wọn bá gbé wọn wá lóru,
wọ́n sin wọ́n síbi tí òjò, bó bá ti fọ òrùlé ilé Ọlọ́run tán,
yóò máa kán lé wọn lórí.
Àlùfáà ń sàmì nínú ilé,
ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń sàmì níta.

Mo lọ ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó ti ọpọ́n.
Lọ́dún tí mo pé mẹ́tàlélógún
nọ́ọ̀sì gbé nǹkan kan kọjá nínú aṣọ ìnura,
ó ní kí n má wò ó, pé ó sàn bẹ́ẹ̀.
N kò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí títí dòní.
Ruth ni mo pè é. Ọpọ́n ò gbọ́ orúkọ náà rí.

Ọ̀la, ọmọ Kasia àti Jem Gotobed ń bọ̀.
N ó gbé kẹ́tù omi gbígbóná wá láti ilé,
n ó dà á mọ́ èyí tó tutù, n ó fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó,
torí oṣù kejì ni, òtútù inú ilé yìí ò mọ ọmọdé.
Ayàwòrán-ilé ti kọ lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀kẹta
nípa gọ́tà tó já lápá àríwá, pé omi ń ba ògiri jẹ́.
Mo fèsì. Mo ní a ń wá oníṣẹ́.
Àkàbà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Colin sì mọ iṣẹ́ náà.
Ẹ jẹ́ kó máa kán.